Nǹkan Bí Ẹgbẹ̀rún Kan

Jókòó, àbúrò mi, má sì wá fi ẹkún dá mi lóhùn. Dókítà ti sọ pé àyà mi kò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òní ló bá tèmi. Bí mo bá sọ ọ́ tán, tutọ́ sí mi lójú tó bá wù ọ́, n kò ní nù ún.

O mọ̀ pé n kò fẹ́ràn ọkọ rẹ rí. Kó tó dé ibi iṣẹ́ ìkọ́lé wa, èmi ni mò ń bójú tó ẹrù. Kí ẹ̀rọ tó gbé irin lọ sókè, n ó kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ lórí: n ó sún iye kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó rọrùn nítòsí rẹ̀, n ó fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, n ó sì mọ̀ bóyá ṣéènì lè gbé e. Ọkọ rẹ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá lé mi lórí. Ó sọ mí ní Bàbá Nǹkan-Bí. "Àna mi, ẹ má bínú o, kò sí nǹkan-bí nínú ìṣirò. Ó pé tàbí kò pé!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi alábòsí náà bá wọn rín in, mo sì di ọ̀rọ̀ náà sínú.

Lọ́jọ́ náà, irin mọ́kàndínlógún ló wà nílẹ̀, kílò 52.3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣéènì wa kò gbọdọ̀ gbé ju 600 lọ. Ọkọ rẹ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó kígbe pé, "470.7! Ó yá, ẹ so ó!" Mẹ́sàn-án ló tẹ̀ dípò mọ́kàndínlógún. Kó tó pa ẹnu dé ni mo ti mọ̀. Mọ́kàndínlógún kù díẹ̀ kó di ogún, 52.3 kò jìnnà sí àádọ́ta. Ogún àádọ́ta, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ni. Ó yíjú sí mi: "Àna mi, ṣé ó rí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ta ni mí tí n ó fi máa bá ẹ̀rọ jiyàn?"

Mo sọ fún ara mi pé ẹrù náà kàn máa kọ̀ láti gbéra ni, kí ojú lè tì í. Irọ́ ni. Mo ti rí i rí bí ṣéènì ṣe ń já. Irin gòkè dé àjà kejì, ṣéènì já, gbogbo rẹ̀ sì wó lu Aláwàdà, ẹni tó ń bá wa so ẹrù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò ráyè kígbe.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Nígbà tí wọ́n wá wádìí, mo ní, "Mo kìlọ̀ fún un. Ó ní n kò kàwé." Ọkọ rẹ ní, "Àna mi, nítorí Ọlọ́run, ẹ sọ òótọ́!" Mo gbójú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni lé ajá. O wá bá mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe báyìí?" Èmi ìkà ni mo ní kí o kẹ́rù jáde nílé rẹ̀, pé apànìyàn kì í ṣe ọkọ ẹni. O gbọ́ tèmi, o sì fi í sílẹ̀.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní; agbéraga ni, ẹnu rẹ̀ sì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ló ṣì í tẹ̀. Èmi kò ṣì í ṣe, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ti ránṣẹ́ pè é, òun ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yẹn. Jọ̀ọ́, má tíì dárí jì mí. Kọ́kọ́ lọ bá a, kí o lọ wò ó bóyá òun lè dárí jì ọ́.