Káàdì Àpèkẹ́ Ará Tápà

Ọ̀rọ̀ tí mo ti dì mọ́nú láti ọdún 1968 ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ lónìí, nítorí àìsàn tó dá mi gúnlẹ̀ yìí kò jọ èyí tí yóò fún mi láyè mìíràn. Fẹ̀hìntọlá lorúkọ mi. Nígbà náà, nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn kan ní Igbó-Ọrà, lábẹ́ ọ̀gá wa, Sístà Wúràọlá. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Bí mo bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín pamọ́ dè mí.

Sístà ní kí káfíńtà kan àpótí gbọọrọ kan fún òun. Aláboyún kọ̀ọ̀kan ní Igbó-Ọrà, Tápà àti Ayétẹ̀ ló ní káàdì níbẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ bá ń fẹ́ àmójútó, Sístà a so òwú pupa mọ́ káàdì rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń yẹ àpótí náà wò kó tó pín iṣẹ́. Ibi tí òwú pupa bá pọ̀ sí ni ọkọ̀ wa kan ṣoṣo ń lọ. Ó máa ń sọ pé, "Ojú mi ò lè dé gbogbo ìlú. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni mo fi ń ríran."

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n lọ wo Àpèkẹ́ ní Tápà. Ìbejì ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. N ò lọ. Èruwà ni mo gbà lọ, lọ́dọ̀ Japheth, tíṣà tí ọkàn mi ń fà sí. Nígbà tí mo dé, mo kọ ọ́ sí káàdì pé mo rí Àpèkẹ́, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti wálẹ̀. Sístà kà á, ó tú òwú pupa náà. Ó ní, "O káre." Lọ́jọ́ kejì, Ayétẹ̀ ni ọkọ̀ lọ, kò dé Tápà.

Lọ́jọ́ kẹta, gìrì mú Àpèkẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ ni Àkànó, ọkọ rẹ̀, gbé e sí, ṣùgbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá àtàwọn ọmọ ti kú. Àkànó ní, "Láti ìjẹta ló ti ń retí nọ́ọ̀sì. Ẹnì kankan ò wá."

Ibi tí mo ti di ìkà rèé. Kí àwọn aláṣẹ ìlera tó dé láti wádìí ikú náà, mo yọ káàdì Àpèkẹ́, mo sì sun ún nínú ààrò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sístà tú àpótí náà níwájú wọn. Ó ní, "Mo kà á. Fẹ̀hìntọlá ló kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá." Wọ́n bi mí. Mo ní n ò kọ nǹkan kan, pé Sístà ò rán mi níṣẹ́ rárá. Ó wò mí títí, ó sì pa àpótí náà dé. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi yọ ọ́ níṣẹ́.

Èmi ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ka káàdì tí àwọn ọmọ abẹ́ mi kọ, tí n ò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́. Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà lọ́nà, ọkàn mi a sọ pé Sístà ló ń bọ̀. Mo wá a dé Ìbàdàn, n ò rí i. Oúnjẹ kan ò sì dùn lẹ́nu mi bí ẹ̀kọ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Àkànó, mo jẹ́wọ́ fún un.  Ó ní, "Èmi nìkan kọ́ lo ṣẹ̀. Sọ ọ́ síta." Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́, ibi tí ẹsẹ̀ yín ò bá dé, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò dé ibẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí Sístà Wúràọlá wà, kó jọ̀ọ́, kó bá mi sọ fún un pé òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo kọ ọ́.