Ta Ni Adúmáadán?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé Adúmáadán lórí fóònù, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ ń nu omijé, tí ẹ ń bi ara yín pé ta ni obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó báyìí, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ fetí sí arúgbó kan. Dókítà ti gbọ́ ọkàn mi, ó ní ó ń lù bí ẹni tó ti rìn jìnnà. N kò fẹ́ gbé irọ́ dé iwájú Ẹni tí a kì í purọ́ fún. Èmi ni Adúmáadán. Èmi, akọ̀wé ìjọ, tó ń ka ìkéde lọ́jọ́ ìsinmi, tó ń fi ojú burúkú wo ọmọge tí aṣọ rẹ̀ bá kúrú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ mi kì í ṣe pé mo kọ ìtàn ìfẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí irun mi ṣì dúdú, nínú yàrá tí a ń kó ìwé orin sí ni mo ti ń kọ ìtàn wọ̀nyẹn, tí mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara mi. Mo fi orúkọ obìnrin bojú kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dà bí ibi tí adìẹ ti ń wá kòkòrò, ilé ìtẹ̀wé sì kọ̀ ọ́. Mo bá tọ arábìnrin tó ń bá ìjọ tẹ̀wé lọ, onítáípù wa, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń gbé orin akọrin lọ sókè réré. Mo mú kó búra pé kò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi kì í jò." Nígbà tó dá ìwé kìíní padà, mo bá ohun tí n kò kọ níbẹ̀. Èmi kọ ọ́ pé ọmọge náà gbà fún káfíńtà, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó. Ó tán. Òun ti sọ ọ́ di odidi ojú ìwé, níbi tí ọmọge ti ń sọ pé, "Má pè mí ní oòrùn, nítorí oòrùn ń wọ̀. Pè mí ní àga tí o fọwọ́ ara rẹ kàn, kí n lè mọ̀ pé o máa padà wá jókòó."

Mo ní, "Arábìnrin, ta ló ní kí ẹ fi èyí kún un?"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọge wo ló ń gbà báyẹn? Àbí ilẹ̀ ni wọ́n ń rà ni?"

Inú bí mi. Mo gbé e lọ sílé láti yọ ọ́, mo tún un kà, omi bọ́ lójú mi, mo fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ibi tí ìfẹ́ ti gbóná nínú ìtàn, mà á mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ní gbígbẹ, nítorí mo mọ̀ pé yóò bomi rin ín. Ṣé mo wá sọ fún ilé ìtẹ̀wé pé àwa méjì ni? Ẹnu mi wúwo. Gbogbo ìyìn tó wọlé, èmi nìkan ni mo gbé e mì.

Òun kan náà ló ń tẹ ìwé orin fún akọrin. Àpò kan ṣoṣo ni mo sì ń lò. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ni mo pín ìwé orin, n kò sì mọ̀ pé ewé kan láti inú ìtàn ti wọ àárín wọn. Ọkùnrin kan wà láàrin àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa kọ. Dùùrù dún, ó fẹ àyà, ó sì fi ohùn ńlá kọ ọ́ jáde pé, "Má pè mí ní oòrùn!" Àwọn ọmọdé pa ẹ̀rín. Ìyá Ìjọ dìde, ó já ìwé náà gbà, ó kà á tán pátápátá (mo ṣàkíyèsí pé kò kánjú), lẹ́yìn náà ló kígbe pé, "Ta ló tẹ ìdọ̀tí yìí nínú ilé Olúwa?" Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo la ní. Gbogbo ojú yí sí ẹnì kan.

Àwọn àgbà ìjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi sì wà níbẹ̀, kálámù wà lọ́wọ́ mi. Pásítọ̀ bi í pé, "Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Ta ló kọ ọ́?" Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wolẹ̀. Kò lè ní òun kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà sí i létí, tirẹ̀ ni. Kò sì lè sọ ìyókù, nítorí ó ti búra fún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ìbá gbà á là, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu mi. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo fi ẹnu náà sọ? Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, bí a bá fojú fo èyí, kí la máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́?" Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú akọrin. Èyí kọ́ ló burú jù. Akọ̀wé ló ń gba aṣọ akọrin padà, nítorí náà èmi ni mo lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti fọ aṣọ náà, ó ti lọ̀ ọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ọmọ fúnni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí wọn nílé o." Mo sì gbà á. Ọwọ́ tó kọ ìwé yẹn náà ló gba aṣọ yẹn. Kò fi ìjọ sílẹ̀. Ó ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́. Bí a bá ń kọrin, ètè rẹ̀ á pa dé bí ìlẹ̀kùn.

Ọdún gorí ọdún. Ilé ìtẹ̀wé wó, mo sì rò pé ikán ti bá mi sin ọ̀rọ̀ náà. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyàwó ọmọ mi ń lọṣọ, tó gbé fóònù ti ìgò omi, tó ń dá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ gbọ́ nǹkan!" Ó sì kà á: "Má pè mí ní oòrùn..." Ó ní àwọn kan ló ń wá ìwé àtijọ́ kiri inú àpótí àwọn arúgbó, tí wọ́n ń tún un tẹ̀, tí wọ́n ń gbé e sórí ayélujára. "Gbogbo wa níbi iṣẹ́ là ń kà á. Wọ́n sì ti rí Adúmáadán! Màmá onítáípù tó ń jókòó lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, àwọn àgbà rántí pé ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú akọrin. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ yẹ́ ẹ sí."

"Kí ni màmá náà wí?"

"Ó ní òun kọ́ ni Adúmáadán. Wọ́n ní ta wá ni, ó ní òun ti búra. Wọ́n ní ó ń tijú ni."

Ó ṣì ń pa ìbúra mọ́! Èmi tí mo fi dè é ti gbàgbé, òun kò gbàgbé.

Lọ́jọ́ àyẹ́sí náà, gbọ̀ngàn ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pè é síwájú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n kò lè gba ohun tí kì í ṣe tèmi nìkan." Bí mo ti gbọ́ "nìkan" yẹn, mo dìde. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ìwé, ti àpò, ti ìdájọ́, ti aṣọ. Mo sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù, òun ló ni ín. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ní, "Háà! Bàbá tó ń pariwo lé wa lórí pé ká pa fóònù!" Ẹ̀rín bú. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, eékún kọ̀. Arábìnrin ní, "Ẹ gbé àga fún wọn o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ má lọ ṣubú kí wọ́n tún ní èmi ni mo tì yín."

Mo ní, "Arábìnrin, ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ wá gba aṣọ ni mo ti dárí jì yín. Ẹ̀yin lẹ ò padà wá gbà á."

Olórí akọrin dá orin ọpẹ́, gbogbo wa gbè é. Láàrin ẹsẹ̀ kejì, ohùn kan yọ lókè ohùn wa. Ó ti hà díẹ̀, ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó gòkè, ó ń lọ, ó ń lọ! Àwọn tó mọ̀ ọ́n láyé ọjọ́un gbé ojú sókè wò ó. Ọ̀pọ̀ kò lè kọrin mọ́, wọ́n kàn ń sunkún ayọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹlòmíràn bo ara yín. Ìtìjú kì í pani, jíjẹ́ kí aláìṣẹ̀ gbé e fúnni ló ń pani. Ẹ̀yin tí mo fi òdodo èké dá lẹ́jọ́, ẹ forí jì mí. Ní báyìí, orúkọ àwa méjì ló wà lójú ìwé náà, tirẹ̀ ló ṣáájú. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun tí ó jẹ́ tirẹ̀ látòkèdélẹ̀. Nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, òun ló ń sọ ọ́, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Lánàá ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka èyí tí ẹ tẹ̀ fún mi gbọ́." Mo kà á. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fi kún un.

Ó ní, "Ẹ yọ ọ́."

Mo yọ ọ́, inú mi sì dùn.