Wọn Kò Rí Ọkọ Mi Sin Sétí Ọ̀sà

Ògo ni fún Ọlọ́run tó gba òkú ọkọ mi lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé e ga. Ẹ gbé e ga dáadáa.

Gbogbo yín lẹ mọ Bàbá Bísí, Dáníẹ́lì Ṣóyẹmí. Ọkọ̀ aláṣọ tí atẹ́gùn ń tì ló fi ń kó pákó lọ Èkó, kó tó di pé ó ń fi díje lórí ọ̀sà. Ọdún mẹ́fà léraléra, kò sẹ́ni tó ṣíwájú rẹ̀. Mùfútáù ará Ẹ̀pẹ́ ló máa ń ṣe ìkejì. Bí ọkọ mi bá ti gba ife dé, àwọn ẹbí rẹ̀ á wá láti Ibefun, Bàbá Odùbánjọ olórí ẹbí àti Ṣówándé. Inú ife náà ni wọ́n ti ń mu ẹmu.

Ní ọdún kẹta tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba padà, ó jáde lọ́jọ́ Sátidé kan láti lọ dán aṣọ ọkọ̀ tuntun wò. Mùfútáù ló rí ọkọ̀ náà tó ń fì kiri, ó wọ́ ọ wá sí èbúté. Ọkọ mi wà nínú rẹ̀, ó ti kú.

Dókítà Adéṣínà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ìyá, ọkàn rẹ̀ ló dúró. Kò mu omi kankan."

Mo fẹ́ sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ibojì Bísí ọmọ wa, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Bàbá Odùbánjọ kọ̀. Ó ní omi ló pa á, ẹni omi bá sì pa, etí omi là ń sin ín sí, kí omi má baà wá mú ẹlòmíràn nínú ẹbí. Mo fi ìwé dókítà hàn án. Ó ní dókítà kò mọ ọ̀rọ̀ omi.

Wọ́n gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ mi fún ètùtù. Kí ètùtù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti sè é jẹ. Nínú àgbàlá mi! Ṣówándé ń fa egungun mu, ó ní iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Òkú ọkọ mi wà ní mọ́ṣúárì. Ó rí mi lára títí dòní, mi ò lè jẹ ẹran ewúrẹ́ mọ́. Àwọn kan nínú ìjọ yìí náà ní kí n gbà fún àgbà. Mi ò ní dárúkọ. Díákónì Olúwọlé, ẹ jókòó, sà.

Ọjọ́ tí ẹbí ń ṣèpàdé ni Mùfútáù wá kí mi kú àjálù. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò bèèrè lọ́wọ́ èmi tí mo gbé e. Aṣọ rẹ̀ gbẹ."

Bàbá Odùbánjọ ní, "Oòrùn lè ti sá a gbẹ."

"Ṣé oòrùn ló tún aṣáà tó wé sínú ìwé ṣe? Ó wà lápò rẹ̀. Mo fà á símú. Mo sín lẹ́ẹ̀mẹta."

Aṣáà! Bàbá Bísí ti fi Bíbélì búra fún mi pé òun ti jáwọ́. Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Bàbá Odùbánjọ tóun náà ń fà á mọ̀ pé aṣáà tí omi bá kàn ti bàjẹ́. Ó ní, "Ẹ sin ín síbi tí ìyàwó rẹ̀ bá wí." Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ewúrẹ́.

Mùfútáù bá wa gbé pósí. Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Ìwọ opó tí ẹbí ọkọ ń yọ lẹ́nu, má bẹ̀rù. Wá ẹni tó fọwọ́ kan òkú náà, kó sọ ohun tó rí. Ní tèmi, ìríra wọn kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mò ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá jáde ìsìn báyìí, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni mo máa rìn, mo ti dé ibojì àwọn méjèèjì, bàbá àti ọmọ. Ògo ni fún un.