Èmi Ni Wọ́n So Ẹ̀rọ Mọ́ Láyà, Mo Tú U Fún Táyé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka èyí tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún olùṣọ́-àgùntàn wa. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìbejì mi ti ra ewúrẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ni ó fẹ́ fà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó fi dúpẹ́ pé ọkàn mi ti yá. Ọkàn mi kò ṣàìsàn rí.

Èmi ni Kẹ́hìndé. Àgbẹ̀ ni èmi àti Táyé, ní abúlé kan ní apá Odomèta, lẹ́bàá Kétu, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ nílé-ìwé, a sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá wa mú èmi lọ sí ilé-ìwé, ó mú Táyé lọ sí oko, torí pé oko náà fẹ́ ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ Faransé díẹ̀, tí Táyé kò gbọ́ ju ìkíni lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Màá jókòó jẹ́ẹ́, á kàn máa lù kìkìkì. Ìyàwó mi lé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Kétu. Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gbọ́ èdè wa, lẹ wáyà márùn-ún mọ́ mi láyà. Ó so wọ́n mọ́ àpótí kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, ó sì gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Ó ní ẹ̀rọ náà yóò máa gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù fún ọjọ́ méjì gbáko. Mi ò gbọdọ̀ wẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ tú u.

Mo ti gbàgbé pé ọjọ́ kejì ni àáró kàn mí. Àwa ọkùnrin mẹ́jọ la máa ń bá ara wa ro oko yíká, ẹni tí ó bá sì kàn ní í ṣíwájú. Ta ni yóò rí mi pẹ̀lú wáyà láyà tí kò ní sọ pé Kẹ́hìndé ti di rédíò? Ojú tì mí. Táyé sì wà nílé, ẹ̀gún ti gún un lẹ́sẹ̀.

Mo rò ó wò pé inú kan la ti wá. Ohun tí wọ́n bá rà fún Táyé ni wọ́n ń rà fún Kẹ́hìndé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Báwo ni ọkàn wa ṣe fẹ́ yàtọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo ní kí Táyé ṣí àyà. Mo rán an létí pé èmi ni mo rán an wá tọ́ ayé wò, kí ó bá mi tọ́ ẹ̀rọ yìí wò pẹ̀lú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí àyà. Mo lẹ wáyà kọ̀ọ̀kan síbi tí mo ti bá a lára mi, mo sì gbé ọkọ́.

Nígbà tí mo dá ẹ̀rọ padà, dókítà wo ìwé rẹ̀ títí. Ó ní ó dà bí ẹni pé ènìyàn méjì ló wọ̀ ọ́. Ti ìbẹ̀rẹ̀ dára, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ti ìkejì ń ṣì lù, nígbà míì ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó tún lù. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó bá mi wí bí ọmọdé, ó ní kí n dín obì àti kọfí kù, kí n sì mú Táyé wá kíákíá.

Mo mú un wá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó wá ní kí n túmọ̀ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò lù bó ṣe yẹ, pé ojoojúmọ́ ni yóò máa lo oògùn títí ayé, àti pé kó má gbé ẹrù wúwo mọ́. Táyé ń wo ẹnu mi.

"Kí ni ó wí?"

Mo rántí bàbá wa tí àìsàn ọkàn mú ṣubú sórí ebè, tí kò dìde mọ́. Lọ́jọ́ tí a sin ín, Táyé sọ pé bí wọ́n bá fi lè sọ fún òun pé irú àìsàn yẹn wà lára òun, yàrá ni òun yóò wọ̀, òun á dùbúlẹ̀ de ikú. Mo tún rántí oògùn ibà tí wọ́n fún un rí. Adìyẹ ló dà á fún.

"Ó ní ọkàn mi kò dára," ni mo wí. "Ó ní màá máa lo oògùn títí ayé. Nítorí pé ìbejì ni wá, ó ní kí ìwọ náà máa lò ó, kí a sì yé gbé ẹrù wúwo."

Táyé kò jiyàn rárá. "Kẹ́hìndé kì í dá oògùn lò kí Táyé máa wò ó níran," ni ó wí. "Kí wọ́n kó o wá."

Inú dókítà dùn. Ó rò pé mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ la jọ ń jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná. Táyé á gbé oògùn rẹ̀ mì. Èmi á ju súwítì funfun kékeré kan sẹ́nu, màá sì fajú ro. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ó fi ń kọrin gun òkè oko tí ó ti máa ń mí gúlegúle tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín láàárín ebè.

Ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú mi, ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹran tó bá dára jù nínú àwo, iwájú mi ni ó ń tì í sí. Bí mo bá fẹ́ gbé àpò àgbàdo, á gbà á lọ́wọ́ mi, á ní dókítà kọ̀ ọ́ fún mi. Ẹ wò ó, aláìsàn ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. A ti fa àpò kan títí tó fi ya, tí àgbàdo dà sílẹ̀. Mo wá ń jí ṣáájú rẹ̀ lọ kọ ebè rẹ̀, kí ó tó débẹ̀ kí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní ta ló ń ran òun lọ́wọ́, mo ní ó lè jẹ́ áńgẹ́lì.

Lóṣù tó kọjá, dókítà tún so ẹ̀rọ mọ́ Táyé láyà; mo ní láyà ìbejì kan ni wọ́n ti ń gbọ́ ti èkejì, ó sì gbà. Nígbà tí a padà lọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọkàn náà ti ń lù geere, kí ó ṣáà máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Ayọ̀ pa mí bí ọtí. Mo yíjú sí Táyé, mo ní, "Ó ní ọkàn mi ti yá."

Táyé sunkún nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Lórí zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò tó gbé wa bọ̀, orin ìyìn ni ó kọ délé, oní-zẹ́mìjàn sì ń gbè é. Lọ́jọ́ kejì ó ra ewúrẹ́. Ó ní èmi ni màá jó ṣíwájú, òun á máa fa ewúrẹ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ó wá fi kún un pé bí a bá ti dúpẹ́ tán, àwa méjèèjì yóò da oògùn yẹn fún adìyẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí ibi tí irọ́ mi gbé mi dé. Bí mo bá dákẹ́, Táyé á da oògùn tó gbé e dúró nù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé á wọ yàrá lọ dùbúlẹ̀ bó ṣe wí. Àbí ọdún mẹ́ta tí ó fi ń kọrin yìí ti tó láti bá a lé ẹ̀rù lọ? Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún ẹni yín rí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ṣé nídìí ẹ̀kọ ni, àbí lóko? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ewúrẹ́ náà ti wà lórí ìso.

Táyé, bí ẹnì kan bá ka èyí sí ọ létí kí n tó ní ìgboyà, dárí jì mí. Má da oògùn nù. Jẹ́ kí a fa ewúrẹ́ wa lọ bí o ṣe wí, ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o jó ṣíwájú, èmi ni kí n fà á. Ọkàn tí o fẹ́ dúpẹ́ fún, tìrẹ ni.