Àtàǹpàkò Tí A Nà Nítorí Ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn ni mo dáhùn, Akọ̀wé! Ilẹ̀kùn! Èmi ò gba àdéhùn kankan wọlé, ẹni tó bá ní mo gbà á kó wá sọ ọ́ lójú mi níbí. Má dìde. Mo ní má dìde! Gbé báàgì yẹn kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé ọ lọ sọ́dọ̀ onílàjà tó ń parí ìjà àwa àti ilé-iṣẹ́ á dúró dè ọ́, bí kò bá sì dúró, kó máa lọ.

Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ ìtọ́jú èrò inú bàálù yìí? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o wọ bàálù, ta ló dúró tì ọ́? Ta ló sọ fún ọ pé bí ọ̀gá bá ti bèèrè pé "Ilẹ̀kùn ńkọ́?", o ò gbọdọ̀ la ẹnu, àtàǹpàkò ni kó o nà sókè kó lè rí i láti ọ̀ọ́kán? Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń nà án! Bí ọkọ mi bá bi mí nílé pé ṣé mo ti tilẹ̀kùn, àtàǹpàkò ni mo máa ń nà sí i, á ní mo ti ya wèrè.

Lánàá ńkọ́? Odindi wákàtí mẹ́ta la fi jiyàn nínú gbọ̀ngàn ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, àwọn kan ní ká gbà torí kí ilé-iṣẹ́ má baà lé wa, àwa tó kù ní láéláé, pé ìsinmi wákàtí méjìlá láàárín ìrìn-àjò méjì ò gbọdọ̀ di mẹ́jọ. Alága wá ní ó tó, ẹni tó bá gbà kó nawọ́. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu ẹ̀ tó fi bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rù ń bà á pé àwọn aláṣẹ ti rán ẹni wá fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa, ló bá figbe ta bíi pé inú bàálù ló wà: "Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Yéè! Gbogbo gbọ̀ngàn na àtàǹpàkò! Títí kan àwọn tó jókòó sáàárín, tí kò sí ilẹ̀kùn kankan nítòsí wọn! Ìwọ wá gbórí sókè nínú ìwé, o rí ọwọ́, o kà á, o kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Wọ́n gbà." Kí a tó pariwo, alága ti lu tábìlì, ó ní ìpàdé ti parí.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè. O mọ̀? O mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni, o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ọlọ́run ń gbọ́ o! Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́!

Ẹn-ẹ́n. Ẹn-ẹ́n, mò ń gbọ́. O ní bá a bá tiẹ̀ da ìbò náà nù, onílàjà á ṣì gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ jáde wá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé àìsùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun ṣèèyàn léṣe. Gbogbo wa ń kùn lábẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ orúkọ sílẹ̀. Ìyẹn ló fà á tó o fi jọ̀wọ́ ara rẹ.

Dúró ná. Jẹ́ n jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìrìn-àjò kẹrin láàárín ọjọ́ méjì. A balẹ̀ láàárọ̀, àwọn èrò ti ń fa ẹrù. O mọ rọ́bà gbọọrọ tó wà nínú ilẹ̀kùn, tó ń wú jáde káwọn èrò lè yọ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ewu bá dé? A gbọ́dọ̀ pa á ká tó ṣílẹ̀kùn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Akọ̀wé, mi ò pa á. Ọ̀gá bèèrè, mo na àtàǹpàkò pé mo ti pa á, mi ò sì pa á! Mò ń sùn lórí ìdúró, ojú mi là sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí irin ilẹ̀kùn, ọkùnrin tó ń ti àkàsọ̀ bọ̀ ti dé ìsàlẹ̀ gan-an, mò ń rí i lójú fèrèsé. Tí mo bá ṣí i, tí rọ́bà yẹn tú jáde lù ú, òkú ló kù. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ló gbá ọwọ́ mi mú. Kò fẹjọ́ mi sùn. Èmi náà ò fi tó ọ̀gá létí. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wo ojú ọkùnrin alákàsọ̀ yẹn bá a bá pàdé.

Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi! Ṣé o rò pé mo mọ iṣẹ́ mìíràn ni? Má bẹ̀ mí. Ẹ̀rù ń bà mí tó báyìí, má tún dá kún un.

Mú bírò. Ṣí ojú ewé tuntun. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má fi ẹnu dídùn bò ó, má sì kọ "òṣìṣẹ́ kan," orúkọ mi ni kó o kọ, ti bàbá àti ti ọkọ. Kí lò ń wò? Kọ ọ́, àbúrò mi, kọ ọ́ kíákíá, kí n tó yí ọkàn padà!