CaO Tí Mo Fagi Lé

Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè Láníyan ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ti gbó sí mi nínú, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Mo kàwé jù ú lọ. Kẹ́místírì ni mo kọ́ ní yunifásítì. Iṣẹ́ àgbẹ̀ lòun kọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Èjìgbò, ó gba kíláàsì àgbà lọ́wọ́ mi. Ó ní obìnrin ò lè kápá wọn.

Lọ́jọ́ kan mo gba ẹ̀bá fèrèsé rẹ̀ kọjá, mo rí ojú bọ́ọ̀dù. Ó ń kọ́ wọn ní fọ́múlà, pé kí wọ́n gbé ṣáájì, iye iná tí èròjà ní, ti èyí sábẹ́ ìyẹn, kí wọ́n gbé ti ìyẹn sábẹ́ èyí, ó parí. Ìyẹn dára fún alumíníọ̀mù tó ní mẹ́ta àti ọ́síjìn tó ní méjì. Ṣùgbọ́n méjì ni kálísíọ̀mù ní, méjì náà ni ọ́síjìn ní. Ọ̀kan ti tó ọ̀kan: CaO ni. Ọ̀gbẹ́ni Láníyan kọ Ca₂O₂, ó tún fa ìlà sí i nídìí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Mo ní ìdánwò àṣekágbá ni yóò tú u fó.

Nígbà ìdánwò ìgbaradì, iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ní kí n bá òun máàkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára dá mi lẹ́jọ́. Mo gba Ca₂O₂ fún gbogbo wọn. Ẹnì kan péré ló kọ CaO, Ràfátù, ọmọ mẹkáníìkì kan. Mo fagi lé tirẹ̀.

Ọmọ náà mú ìwé rẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun dọ́gba ṣáájì méjèèjì ni. Mo ní ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni kó kọ. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Bí fọ́múlà bá ti wọ́, gbogbo iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e á wọ́. Kíláàsì náà fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá, Ràfátù náà wà lára wọn. Wọ́n yọ Láníyan, wọ́n fi mí síbẹ̀. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ọmọ kíláàsì mi tó ṣi fọ́múlà yẹn kọ. Mo ṣì ń fi yangàn.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni Ràfátù fẹ́ ṣe. Abidjan ló bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ, wọ́n jọ ń tajà.

Ní Iléyá tó kọjá, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sílé mi. Ó ní kí n kọ́ ọ ní kẹ́místírì, torí èmi ni olóòótọ́ olùkọ́ tí òun mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un, àbí kí n kọ́ ọmọ náà kí n dákẹ́?

Mo kọ́kọ́ lọ bá Láníyan ní ìlú Ara. Mo rò pé bó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ẹrù mi á fúyẹ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Màdáàmù," ó ní, "èmi ò mọ̀ ọ́n ni. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n, ẹ sì fagi lé e."