Ẹẹ́ta Tí Mo Sọ Di Ẹẹ́jọ

Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ wá jókòó tì mí. Ìyá yín wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi tí ẹ ń pè ní Mọ́mì Àgbà gbọ́dọ̀ sọ, kí n tó gbàgbé pé mo ní i láti sọ. Dókítà ti sọ fún gbogbo wa pé iyè mi ń ra. Lánàá mo wá gíláàsì ojú mi títí, àṣé ojú mi ló wà. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín nínú eléyìí. Ẹ máa ń béèrè ìdí tí ìyá yín, tó kàwé oògùn ní yunifásítì, fi jókòó sí ìsọ̀ kékeré tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Ẹ rò pé ó wù ú bẹ́ẹ̀. Kò wù ú. Èmi ni mo lé e kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, bírò ni mo sì fi lé e.

Awọnlẹ̀ ni bàbá wa, kò sì sí ohun tó kórìíra bí àméfò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, sudókù inú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sátidé ló rọ́pò ilẹ̀ wíwọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ilé mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró, wọ́n á pín in sí àpótí mẹ́sàn-án, ilé mẹ́ta sí mẹ́ta, wọ́n á tẹ díẹ̀ nínú nọ́ńbà oókan sí ẹẹ́sàn-án síbẹ̀, ìwọ lo máa wá ìyókù, kí nọ́ńbà kankan má baà wà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan tàbí nínú àpótí kan. Àwa méjèèjì ni Bàbá kọ́. Ó ní, "Bí ilé méjì lórí ìlà kan kò bá gba ẹlòmíràn àfi eéjì àti eéje, ìbejì nìyẹn. O lè má tíì mọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n o ti mọ̀ pé kò sí ilé mìíràn lórí ìlà yẹn tí eéjì tàbí eéje máa sùn." Ìyá yín gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó yé e. Èmi gbọ́ ọ títí, kò yé mi. Mo máa ń méfò ni. Pẹ́ńsù àti írésà ni mo fi ń ṣe tèmi. Bírò ni ìyá yín fi ń ṣe tirẹ̀, torí kì í ní nǹkan tó máa pa rẹ́.

A dàgbà, a kúrò nílé, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé la máa ń pàdé lọ́dọ̀ Bàbá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, ìyá yín ló ń kà á fún un. Bí a bá ti kí i tán, á ní, "Orípé, jókòó." Bó ṣe ń pe ìyá yín nìyẹn. Á wá kọjú sí mi, á ní, "Ìwọ, bá wa bu omi tútù." Èmi àkọ́bí rẹ̀. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀, èmi ni mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyá yín ṣáà ti sọ pé, "Bàbá, mo ti rí ìbejì kan níbí," ojú rẹ̀ á tàn yanran. Mo jowú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú àbúrò mi débi pé bí ó bá wúkọ́, inú mi á dùn díẹ̀.

Ní Sátidé kan, ìyá yín ò tíì dé. Ìwé ìròyìn wà lórí tábìlì, Bàbá ń tòògbé. Mo rí ẹẹ́ta kan nínú àpótí àárín. Mo wo ìlà rẹ̀ ní ìbú, kò sí ẹẹ́jọ. Mo wò ó ní òró, kò sí. Mo wo inú àpótí náà, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wò mí o, èmi tí mi ò fi làákàyè ṣe sudókù rí, ọjọ́ ibi ni mo kọ́kọ́ ṣe é láìméfò. Ẹnu méjì ni ẹẹ́ta ní lápá òsì. Mo mú bírò dúdú, mo pa méjèèjì dé. Ó di ẹẹ́jọ.

Ìyá yín dé, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹẹ́jọ ti di méjì lórí ìlà kan. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà, ó fi ìka tọ ìlà. Kò wá sí i lọ́kàn pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ lè parọ́. Ara rẹ̀ ló fura sí. Bàbá ní, "Orípé, ó ti tán?" Ó ní, "Rárá, Bàbá. Mo ti ṣìṣe níbì kan." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ náà?" Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó.

Ká ní mo fi mọ síbẹ̀ ni, ǹ bá pè é ní eré. Mo tún un ṣe ní Sátidé kejì, mo sì ń ṣe é lọ. Bí mi ò bá rí ẹẹ́ta tó ṣeé lò, màá sọ oókan di eéje. Ìwé ọ̀sẹ̀ kejì ni ìdáhùn máa ń jáde, ṣùgbọ́n kí ìyá yín tó dé ni màá ti fa ojú ewé náà ya, màá sì fi nu gíláàsì fèrèsé. Bàbá tiẹ̀ yìn mí pé ilé òun wá mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Iyè Màámi, ìyá tó bí wa, ti ra pátápátá kó tó kú. Iyọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: á fi sọ́bẹ̀, á tún fi sí i. Nígbà tó yá, kò dá àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò kúrò lára ìyá yín. Ó wá bá mi ní kíṣìnnì níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún Bàbá o. Ṣé bí ti Màámi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí?" Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á: bírò mi ni, kì í ṣe orí rẹ. Ó wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo nu ọwọ́ mi, mo dì mọ́ ọn, mo ní, "Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Ṣùgbọ́n oògùn lo ń pò. Bí orí ẹni bá ń ṣe ségesège, ọmọ ọlọ́mọ ló máa fara gbá a." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ, mo sì rán an.

Kò pẹ́ tó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò rí àṣìṣe kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá yín ní, "Mi ò ní dúró de ọjọ́ tí ẹ máa rí i, sà." Kóòtù funfun rẹ̀, èmi ni mo bá a ká a sínú àpótí aṣọ. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò fọwọ́ kan ìwé. Bàbá pè mí, ó ní, "Ìwọ, wá kà á fún mi." Àga tí mo ti ń wá láti kékeré nìyẹn. Mo jókòó lé e. Mo kọ, mo pa rẹ́, mo tún kọ, mo tún pa rẹ́. Bàbá ò rí mi, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ írésà. Ó ní, "Ò ń méfò." Ó ní kí n gbé ìwé náà kúrò, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Adùn kan tó kù fún un lọ́jọ́ ogbó, mo gbà á, mi ò sì rí i jẹ.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìyá yín ni mo mú kó rò pé iyè òun ń ra, iyè tèmi ló wá ń ra. Òun náà ló ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Láràárọ̀ ló ń ya sudókù ọmọdé fún mi, ilé mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró, kí orí mi má baà sùn. Láàárọ̀ yìí ó gbé e wá, mo rí ẹẹ́ta kan níbẹ̀, mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo retí kó pariwo lé mi lórí. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ ọ́ fún mi." Mo ní ìgbà wo? Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́, mo di ẹrù yín sẹ́nu ọ̀nà, mi ò sì bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ti gbàgbé ohun tó fa ìbínú mi, ẹ wá ń tẹ̀ lé mi kiri, ẹ ń bi mí pé kí lẹ ṣe. Ìgbà kejì, mo sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dárí jì yín." Ẹ wò ó, mo tún jowú rẹ̀. Èmi ni wọ́n dárí jì, òun ló rántí.

Kò sọ fún yín, ó ní òun ò fẹ́ kí ojú tí ẹ fi ń wò mí yí padà. Ó yẹ kó yí padà. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé orí ìyá yín pé nígbà yẹn, ó sì pé títí di òní. Bí ẹ bá ń jowú ohun tí Ọlọ́run fún ẹlòmíràn, ẹ tètè sọ ọ́ síta fún ẹni tó fẹ́ràn yín, kí owú náà tó mú bírò. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo sì bẹ̀ yín. Bí mo bá tún ní kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n lọ́la, kí ẹ wá jókòó tì mí, ẹ má sọ pé ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kí ẹ wá sọ fún mi pé ìyá yín ti dárí jì mí. Kí ló dé tí ẹ fi ń wojú ara yín? Ṣé mo ti sọ ọ́ fún yín rí ni?